Yíyọ Bàbà Pẹ̀lú Epo: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣètò Ẹ̀rọ Ńlá fún Un

Bàbà kì í pọ̀ nínú òkúta tí wọ́n ti ń wà á. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà lóde òní, bí wọ́n bá wa òkúta 100 kìlógíráàmù, bàbà tó wà nínú rẹ̀ kì í tó kìlógíráàmù kan. Bí òkúta náà bá jẹ́ irú èyí tí ásíìdì lè yọ́, wọn kì í gbé e sínú iná. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó o jọ bí òkìtì sórí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì máa wọ́n ásíìdì sọ́fúríìkì tí wọ́n ti bomi là lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Omi tó ń ro jáde nísàlẹ̀ òkìtì ti kó bàbà, ṣùgbọ́n kò kó o tó. Gíráàmù 1 sí 6 péré ló máa ń wà nínú lítà kan, irin, alumíníọ̀mù àti eruku òkúta sì tún bá a wá. Bí wọ́n bá ta iná mànàmáná sínú irú omi bẹ́ẹ̀, bàbà tó máa jáde á rí wúruwùru, á dọ̀tí, kò sì ní ṣe é fi ṣe wáyà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi epo sáàárín. Epo náà á gba bàbà nìkan lọ́wọ́ omi yìí, á fi irin àti ìdọ̀tí sílẹ̀, á sì lọ kó bàbà ọ̀hún fún omi mìíràn tó mọ́, tó sì kéré níye. Inú omi kejì yìí ni iná mànàmáná ti ń ṣiṣẹ́. Bàbà tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń mọ́ tó ìdá 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1842, Eugène Péligot, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, kíyè sí i pé nítíréètì yuréníọ̀mù máa ń yọ́ sínú ítà, ó sì lo ọ̀nà náà láti fọ yuréníọ̀mù mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ. Ti bàbà ló pẹ́ kó tó ṣeé ṣe, nítorí kò tíì sí kẹ́míkà tó lè mú bàbà nínú ásíìdì láìmú irin mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ General Mills ní Amẹ́ríkà ló ṣe irú rẹ̀, ó sì pè é ní LIX. Ní ọdún 1968, ibi ìwakùsà Bluebird nítòsí ìlú Miami ní ìpínlẹ̀ Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í fi yọ bàbà fún títà. Kò ju ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Nchanga, ní Chingola lórílẹ̀-èdè Zambia, fi gbé èyí tó tóbi jù lágbàáyé nígbà náà kalẹ̀, láti kó bàbà tó ṣẹ́ kù nínú ìdàlẹ̀ ìwakùsà àtijọ́. Lóde òní, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà sí ìdá kan nínú márùn-ún bàbà tuntun tí wọ́n ń wà lágbàáyé ló ń gba ọ̀nà yìí.

Ohun tí epo náà ń ṣe

Epo ọ̀hún jẹ́ irú kẹrosíìnì kan tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, tí kì í tètè gbaná. Kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ kò lè mú bàbà. Kẹ́míkà amúbàbà tí wọ́n yọ́ sínú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hydroxyoxime ló sì ti wá. Ẹyọ méjì amúbàbà ló máa ń di ẹyọ bàbà kan mú, àwọn méjèèjì á sì tú haidirójìnì tó wà lára wọn sínú omi. Haidirójìnì yẹn ló ń sọ omi di ásíìdì padà. Fún kìlógíráàmù bàbà kan tí epo bá mú, nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.54 ásíìdì sọ́fúríìkì ló ń padà sínú omi, wọ́n á sì tún gbé omi náà lọ wọ́n sórí òkìtì òkúta.

Ohun tó mú bàbà lọ náà ló ń mú un padà. Bí ásíìdì kò bá pọ̀ nínú omi, epo á gba bàbà. Bí epo tó ti gba bàbà bá sì lọ bá omi tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀ tó nǹkan bíi 180 gíráàmù nínú lítà kan, á jọ̀wọ́ bàbà náà, á gba haidirójìnì rẹ̀ padà, á sì yí lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Epo kan náà lè máa yí báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọn kò bá jẹ́ kó máa dànù.

Ìpele mélòó ló yẹ?

Ìpele kan ni ibi tí wọ́n ti po epo àti omi pọ̀, tí wọ́n sì tún jẹ́ kí wọ́n pínyà. Ìpele kan ṣoṣo kì í sábà tó. Bí àpẹẹrẹ, kí epo àti omi jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí bàbà sì fẹ́ epo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn ìpele kan, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún bàbà ló máa ṣẹ́ kù sínú omi. Bí ìpele bá di méjì, tí omi ń ti ọ̀tún bọ̀, tí epo ń ti òsì bọ̀, èyí tó máa ṣẹ́ kù kò ní tó ìdá 5. Bó bá di mẹ́ta, kò ní ju ìdá kan àti díẹ̀ lọ.

Ìdí pàtàkì ni pé epo àti omi ń pàdé ara wọn látọ̀nà òdìkejì. Omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo bàbà rẹ̀ nù ló ń bá epo tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo pàdé, nítorí náà epo ṣì lè rí èyí tó kù gbà. Epo tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yó ló ń bá omi tí bàbà rẹ̀ pọ̀ jù pàdé, á sì tún lè rí díẹ̀ gbé sí i. Àwòrán tí McCabe àti Thiele ṣe ní ọdún 1925 fún pípọ́n ọtí àti epo ni àwọn ẹnjiníà ṣì fi ń ka iye ìpele tó yẹ.

Fún bàbà, ìpele gbígbà méjì àti ìpele jíjọ̀wọ́ kan tàbí méjì máa ń tó, nítorí pé amúbàbà yan bàbà láàyò. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo mẹ́táàlì. Àwọn mẹ́táàlì tí wọ́n ń fi ṣe òòfà ọkọ̀ oníbátìrì, bíi neodymium àti praseodymium, jọra wọn débi pé ìpele ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń gbà kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìṣirò ilé-ẹ̀rọ kan

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ilé-ẹ̀rọ tí omi 1,000 mítà kúbíìkì ń wọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí bàbà gíráàmù 3 sì wà nínú lítà kan omi náà, bàbà tó ń wọlé jẹ́ 3,000 kìlógíráàmù ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ bá mú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 2,700 kìlógíráàmù ló máa jáde ní wákàtí kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 65 lójúmọ́.

Wọ́n á jẹ́ kí epo tó omi: 1,000 mítà kúbíìkì ní wákàtí kan. Lítà epo kọ̀ọ̀kan wá ní láti gbé bàbà gíráàmù 2.7. Bí amúbàbà bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù tàbí díẹ̀ sí i ni lítà epo kan lè gbé láti ìpele gbígbà dé ìpele jíjọ̀wọ́. Fún gíráàmù 2.7, amúbàbà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún epo náà. Bí wọ́n bá fi kún un jù, epo á ki, kò sì ní tètè pínyà mọ́.

Ní apá kejì, omi ásíìdì ń wọlé pẹ̀lú bàbà gíráàmù 35 nínú lítà kan, ó sì ń jáde pẹ̀lú 50. Láti kó 2,700 kìlógíráàmù, 180 mítà kúbíìkì omi náà ní wákàtí kan ti tó. Bàbà tó tàn kálẹ̀ nínú omi 1,000 ti wá wọnú omi 180, ó sì ti mọ́. Ṣùgbọ́n bí 180 bá bá epo 1,000 pàdé nínú àgbá ìpòpọ̀ kan, omi á kéré jù, pípò kò sì ní dára. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá lára omi tó ti tòrò padà sínú àgbá, kí epo àti omi lè súnmọ́ ìwọ̀n kan náà níbẹ̀.

Àgbá ìpòpọ̀

Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàbà ń lò ni mixer-settler: àgbá ìpòpọ̀ tó ní abẹ̀bẹ̀ irin nínú, àti táǹkì ìtòrò tó fẹ̀, tó sì pẹlẹbẹ, lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ àgbá àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń fa epo àti omi wọlé láti àwọn ìpele tó múlé tì í, ó sì tún ń pò wọ́n. Èyí ni kì í jẹ́ kí wọ́n nílò pọ́ǹpù láàárín ìpele kan àti èkejì.

Bàbà máa ń tètè bọ́ sínú epo. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ti tó. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, epo àti omi tó ń wọlé jẹ́ 2,000 mítà kúbíìkì ní wákàtí kan, nítorí náà àgbá tó gba 100 mítà kúbíìkì máa fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọn kì í sábà fi ẹyọ àgbá kan ṣe é. Àgbá méjì tó gba 50-50 tó tẹ̀ léra sàn jù, torí nínú àgbá kan ṣoṣo, díẹ̀ lára ohun tó wọlé máa ń sáré jáde láìtíì pò dáadáa.

Ibi abẹ̀bẹ̀ ni sísọ kékeré di ńlá ti máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ká ní abẹ̀bẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá ìdánwò, tó sì ń yí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ̀bẹ̀ ilé-ẹ̀rọ fẹ̀ ní mítà 2, ìyẹn ìlọ́po 20. Bí ẹnjiníà bá ní kóun náà máa yí ní ìgbà 300, etí rẹ̀ á máa sáré tó kìlómítà 113 ní wákàtí kan, agbára tó ń wọ inú lítà omi kọ̀ọ̀kan á sì di ìlọ́po 400 ti yàrá ìdánwò. Epo á fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkùukùu, kò sì ní pínyà bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí agbára inú lítà kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú ti ìdánwò, abẹ̀bẹ̀ ńlá náà kò gbọ́dọ̀ yí ju nǹkan bí ìgbà 41 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀kán kéré tó láti gba bàbà, kó má sì kéré débi tí kò fi ní lè wá ojú ọ̀nà padà. Abẹ̀bẹ̀ tó tóbi tó sì ń yí pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń yàn, kì í ṣe kékeré tó ń sáré.

Táǹkì ìtòrò

Pípò kò ṣòro. Pípínyà ni iṣẹ́. Táǹkì ìtòrò ló ń gba ilẹ̀ jù, òun náà ló sì ń pinnu bí àgbékalẹ̀ yòókù ṣe máa rí.

Níbi ìfúnpo, epo pupa máa ń léfòó fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹkù sílẹ̀ láìrò. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbí, àmọ́ omi àti epo kì í dúró: wọ́n ń ṣàn lọ ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pínyà kí wọ́n tó dé òdìkejì táǹkì. Láàárín epo tó mọ́ lókè àti omi tó mọ́ nísàlẹ̀, apá kan wà tí ẹ̀kán ti ń kóra jọ, tí wọ́n ń so pọ̀ di ńlá. Bí nǹkan tó ń wọlé bá pọ̀ ju bí ẹ̀kán ṣe ń so pọ̀ lọ, apá àárín yìí á máa nípọn sí i títí á fi kún dé ẹnu ibi ìjáde.

Ìdí nìyẹn tí jíjìn táǹkì kì í fi í ran ìtòrò lọ́wọ́. Ojú táǹkì ló ṣe kókó, nítorí pé ojú yẹn ni ẹ̀kán ti ń so pọ̀. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún bàbà ni pé kí mítà onígun mẹ́rin kan má gbà ju mítà kúbíìkì 4 sí 5 lọ ní wákàtí kan. Fún 2,000 mítà kúbíìkì, bí wọ́n bá fi 4.5 ṣe é, ojú táǹkì ní láti tó nǹkan bíi 440 mítà onígun mẹ́rin: 22 mítà ní ìbú, 20 mítà ní gígùn. Ó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lọ.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo bí epo ṣe ń yára tó. Bí epo bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 nínú táǹkì tó fẹ̀ ní mítà 22, 1,000 mítà kúbíìkì ní wákàtí kan á máa rìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn dára. Bí ó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 6, ó ti ń fa ẹ̀kán omi lọ. Bí wọ́n bá ní kí táǹkì tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì gùn, ojú rẹ̀ lè tó, ṣùgbọ́n epo á máa sáré jù.

Ohun mẹ́ta ló kù nínú táǹkì. Àkọ́kọ́ ni ọgbà onípàlàpálá tí wọ́n gbé dúró sí ìbú táǹkì, tó ń jẹ́ kí ohun tó wọlé tàn kálẹ̀ dọ́gba láti ògiri dé ògiri. Èkejì ni ògiri kúkúrú ní òpin táǹkì, tí epo ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ibi ìjáde omi, tí wọ́n lè gbé sókè tàbí sísàlẹ̀ láti fi pinnu ibi tí epo àti omi máa pààlà sí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ jù, epo á nípọn ju bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá gbé e sókè jù, omi á bá epo lọ.

Ibi tí owó ti ń jò

Ìtòrò kì í pé pérépéré. Ká ní epo lítà 50 ló ń bá mílíọ̀nù lítà omi lọ. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú ilé-ẹ̀rọ àpẹẹrẹ wa, mílíọ̀nù lítà ló ń jáde ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ 1,200 lítà epo lójúmọ́, amúbàbà olówó iyebíye sì wà nínú rẹ̀. Bí àgbékalẹ̀ tó dára bá sọ ọ́ di lítà 20 nínú mílíọ̀nù, ìpàdánù náà á di 480 lítà.

Omi tó ń bá epo lọ náà ní wàhálà tirẹ̀: irin ni omi yẹn gbé, bí irin bá sì dé ibi iná mànàmáná, ó ń jẹ iná láìmú bàbà jáde. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń yan èyí tó máa fọ́ sínú èkejì. Ní ìpele gbígbà àkọ́kọ́, tí epo ti ń lọ síbi jíjọ̀wọ́, wọ́n ń jẹ́ kí epo jẹ́ ẹ̀kán nínú omi, kí epo tó jáde lè mọ́. Ní ìpele tó gbẹ̀yìn, tí omi ti ń jáde lọ sí òkìtì, wọ́n ń jẹ́ kí omi jẹ́ ẹ̀kán nínú epo, kí omi tó jáde lè mọ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ọ̀tá kejì. Eruku òkúta, epo, omi àti afẹ́fẹ́ máa ń dì pọ̀, wọ́n á sì kóra jọ sáàárín epo àti omi. Yíyọ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ohun tó dára jù ni kí omi ti mọ́ kó tó wọlé, kí afẹ́fẹ́ má sì ráàyè wọ inú àgbá. Òtútù náà ń dá sí i: lórí òkè Andes ní Chile, epo máa ń ki lówùúrọ̀, ìpínyà á sì falẹ̀.

Ẹ̀rọ mìíràn tó wà

Níbi tí ilẹ̀ kò bá fẹ̀, wọ́n lè lo òpó gíga tí epo ń gòkè nínú rẹ̀ tí omi sì ń sọ̀ kalẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń mi wọ́n díẹ̀díẹ̀. Irú òpó yìí ni wọ́n fi ń yọ yuréníọ̀mù ní Olympic Dam ní gúúsù Ọsirélíà. Ìpele púpọ̀ lè wà nínú òpó kan, ó sì bo epo mọ́lẹ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kì í rọrùn láti sọ ti yàrá ìdánwò di ńlá. Ẹ̀rọ tó ń yí fìrìfìrì láti pín epo àti omi tún wà. Àwọn tó ń ṣàtúnṣe yuréníọ̀mù tí ẹ̀rọ átọ́míìkì ti lò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń gbà, kì í sì í jẹ́ kí kẹ́míkà pẹ́ lábẹ́ ìtànṣán. Fún bàbà, omi ti pọ̀ jù fún un. Mixer-settler ló ṣì ń borí, torí ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì ń fara da eruku.

Iná àti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ

Bí ìpele mẹ́rin bá wà nínú àpẹẹrẹ wa, epo inú táǹkì ìtòrò àti àgbá ìpòpọ̀ nìkan ti lé ní 700 mítà kúbíìkì, ìyẹn 700,000 lítà. Epo náà kì í gbaná títí á fi gbóná tó nǹkan bí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́n bí ìrì, tàbí bí ó bá fà sára àkísà, ó ń gbaná kíákíá. Iná jó apá tí wọ́n ti ń lo epo yìí ní Olympic Dam ní December 1999, ó sì tún jó o ní October 2001. Láti ìgbà náà ni ìṣọ́ra ti pọ̀ sí i káàkiri: iná mànàmáná tó ń dúró sára páìpù ọ̀rá ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Nítorí náà, wọ́n ń so páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí epo rìn pẹ̀lẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ń jìnnà sí páìpù tí kò lè gbé iná mànàmáná, wọ́n sì ń ṣe gọ́tà tó máa gbé epo tó bá dànù jìnnà sí táǹkì. Wọ́n ń bo táǹkì, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀wọ́ kan àti èkejì, wọ́n sì ń gbé fọ́ọ̀mù apaná sí ìtòsí.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ gbọ́dọ̀ gba ásíìdì àti kẹrosíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Irin aláìdípẹtà irú 316L dára níbi tí kíláráìdì kò bá pọ̀. Níbi tó bá pọ̀, wọ́n ń lo kọnkéré tí wọ́n fi ọ̀rá nípọn bò nínú, tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi òwú gíláàsì ró lágbára.

Àwọn tó bá fẹ́ dájọ́ irú ilé-ẹ̀rọ yìí kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó. Kí wọ́n lọ síbi tí omi ti ń jáde, kí wọ́n wọn epo tó wà nínú rẹ̀. Bí iye yẹn bá kéré lójoojúmọ́, àgbékalẹ̀ náà dára. Bó bá pọ̀, kò sí bí bàbà rẹ̀ ṣe lè mọ́ tó tí owó rẹ̀ kò ní máa bá omi lọ.